Hammer mi ò na ọwọ́ mọ́

Ọmọ_Leeds: Ẹ kú ilé o. Táǹkì omi iyọ̀ mi, lítà 120, ti pé oṣù mẹ́jọ nínú pálọ̀. Clownfish méjèèjì ń jẹun bí ẹni tí ò rí oúnjẹ rí. Hammer, iyùn alààyè olórí mẹ́ta tí mo fi pọ́n-ùn 45 rà, ló fẹ́ pa mí lẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí kò na ọwọ́ dáadáa, ẹran ara rẹ̀ ń sún sókè, egungun funfun ti yọ nísàlẹ̀. Àwọn zoa, iyùn kéékèèké, náà pa ẹnu dé. Omi wà ní 25.5°C, nitrate 8, alkalinity 8.5. Mi ò sì fi wọ́n ṣeré: ẹ̀rọ tó ń bá mi bomi kún táǹkì bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, látìgbà yẹn, àràárọ̀ ni mo ń po omi iyọ̀ tuntun dà á sí i títí dé ojú ìlà.

Màmá mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú Òde wò ó títí. Wọ́n ní, "Iyùn tó ń jẹun? Tọrùn mi yìí ò bèèrè oúnjẹ rí."

Kọ́lá_K: Iná ni. Mo gbé LED tuntun lé tèmi lórí lọ́dún tó kọjá, kò pẹ́ tó fi funfun báláú. Dín in kù sí ìdajì.

Ọmọ_Leeds: Iná àtìbẹ̀rẹ̀ náà ni mo ṣì ń lò, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ìyá_Ìbejì: Àbúrò, gbogbo nǹkan lo kà fún wa, o ò ka iyọ̀. Omi ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ọbẹ̀ gbẹ lórí iná, o tún ń bu iyọ̀ sí i! Omi RO lásán, èyí tí wọ́n sẹ́ tí kò ní iyọ̀, ni wọ́n fi ń dí èyí tó gbẹ. Wá refractometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi, fi omi ìwọ̀n tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35 nínú kílò kan tún un tò kó o tó lò ó, kó o wá sọ iye tó kà.

Ọmọ_Leeds: Ẹ̀gbọ́n, ìwúwo omi náà kà 1.031, ó ga jù. Ojú tì mí. Ṣé kí n da RO sí i lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìyá_Ìbejì: Rárá o! Wàá pa èyí tó kù. 1.026 lò ń wá. Bu lítà mẹ́rin kúrò lójúmọ́, fi RO lítà mẹ́rin dípò, fún ọjọ́ márùn-ún. Má gbé hammer yẹn kiri. Bí o bá sì máa fọwọ́ kan òkúta tí zoa wà, wọ ìbọ̀wọ́. Oró ń bẹ lára wọn, kò gbọdọ̀ kan ojú tàbí egbò.

Ọmọ_Leeds: Ọjọ́ kẹjọ rèé, 1.026. Zoa ti là. Orí méjì lára hammer ti ń na ọwọ́, ẹ̀kẹta ti kú, egungun nìkan ló ṣẹ́ kù. Màmá ló kọ́kọ́ rí i pé ó ń mì. Láàárọ̀ báyìí, òun ni wọ́n ń kí kí wọ́n tó dá èmi lóhùn.