Ilẹ̀kùn ìrókò ilé bàbá mi: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo béèrè ìdí tí fáníṣì ilẹ̀kùn ìta ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta fi ń wú bí ìléróró, tó sì ń bó, nígbà tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n kùn ún. Iṣẹ́ ti parí, mo wá jábọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oòrùn ni, ẹ jàre, àmọ́ káfíńtà náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Aago kan ọ̀sán ló kùn ún, nígbà tí pákó gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e. Ojú fáníṣì gbẹ kí inú ẹ̀ tó gbẹ, ló bá wú. Fáníṣì tó mọ́ gaara náà kì í dá oòrùn dúró. Igi abẹ́ ẹ̀ ni oòrùn ń jẹ.

A họ gbogbo ẹ̀ kúrò, a fi sáńpépà ha á. Fáníṣì tó ní àwọ̀ búráùn la lò lọ́tẹ̀ yìí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, láàárọ̀ kí oòrùn tó yí dé ẹnu ọ̀nà. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ti rẹ́ igi, ni mo fojú sí jù. Ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. (Màmá mi ní mi ò tọ́jú mọ́tò mi tó báyìí rí.)

Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ibì kan tó bó. Ó kàn fún mọ́ férémù díẹ̀, torí igi ti mu omi. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ráńdà fá a. Tí ọyẹ́ bá dé, yóò súnkì padà. Ẹ ṣé gan-an o.