Ṣé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún péré ló yẹ kó máa sọ ẹni tó gba líìgì obìnrin wa?

Ará Ṣàgámù:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí látìgbà tí wọ́n ti gbá Super Six ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 2025, ọ̀kadà ni mo gùn láti Ṣàgámù lọ wò ó ní pápá Remo Stars. Ẹ mọ bí líìgì bọ́ọ̀lù obìnrin wa, NWFL, ṣe ń lọ, wọ́n á pín kíláàbù sí gúrúùpù A àti B, wọ́n á gbá a nílé, wọ́n á gbá a lájò, àwọn mẹ́ta tó bá ṣíwájú ní gúrúùpù kọ̀ọ̀kan á bọ́ sí Super Six, àwọn tó kù á gba ilé lọ. Tí wọ́n bá wá dé ibẹ̀, gbogbo póìntì tí wọ́n ti fi òógùn kó jọ ti dòfo, orí òdo ni kálukú ti máa bẹ̀rẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5, ó tán. Bayelsa Queens ló gbà á lọ́dún yẹn, mo kí wọn dáadáa, wọ́n mọ bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ẹni tó fi oṣù mélòó kan ṣe bẹbẹ ní gúrúùpù, ṣé torí pé ẹsẹ̀ ò yá lọ́jọ́ méjì ni gbogbo ẹ̀ ṣe máa dànù? Àwọn ọkùnrin ní líìgì tiwọn, NPFL, kíláàbù 20, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Kí ló dé tí tàwọn obìnrin ò lè rí bẹ́ẹ̀? Àbúrò mi obìnrin ló jẹ́ kí n máa bèèrè, ọmọ ọdún 15 ni, bọ́ọ̀lù ló ń gbá láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì ń bi mí pé ṣé òun lè fi jẹun.

Ọmọ Akúrẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ti owó náà. Ẹ ní kí Nasarawa Amazons gbéra ní Lafia, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ Port Harcourt, kí wọ́n tún padà, lójú títì tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí yìí, ta ló máa sanwó ẹ̀, ta ló sì máa fọkàn balẹ̀ pé àwọn ọmọ yẹn dé láyọ̀? Bóyá torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín in sí méjì. Èmi fẹ́ràn Super Six ní tèmi, ojú kan ni gbogbo èèyàn ti ń wo àwọn ọmọ yẹn, àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù lọ òkè òkun náà ò ní láti káàkiri.

Ìyá Mushin:
Ọmọ Akúrẹ́, o gbìyànjú, àmọ́ mi ò gbà fún ẹ pátá. Gbọ́ èyí. Rivers Angels ló gba líìgì ní 2021, Bayelsa Queens ní 2022, Delta Queens ní 2023, Edo Queens ní 2024, Bayelsa lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2025. Gbogbo wọn pátá, kíláàbù ìjọba ìpínlẹ̀ ni, apá kan náà ni wọ́n sì ti wá. Ẹni tí ìjọba ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ ló lè kó agbábọ́ọ̀lù 25 tí ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà máa dáa bí ẹni tó wà nínú pápá, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn ní Super Six tí wọ́n ti ń gbá a léraléra. FC Robo tiwa níbí, tí kì í ṣe ti ìjọba, ń kọ́? Ọwọ́ wọn ni Asisat Oshoala, agbábọ́ọ̀lù Super Falcons wa, ti kọjá kó tó lọ Rivers Angels kó tó dé Liverpool ní 2015, ibẹ̀ náà ni Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin wa, ti gbéra kó tó lọ Norway. Ọmọ yìí kan náà ló ṣe kápúténì lọ́jọ́ àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà tí Morocco fi gólì méjì ṣáájú wa ní Rabat tá a tún yí i padà sí 3-2, July 2025. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́. Ká wá wo ti kíláàbù, kò sí kíláàbù wa kankan tó tíì gba Champions League àwọn obìnrin Áfíríkà látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2021, ipò kẹta tí Bayelsa ṣe ní 2022 la ṣì ń pọ́n lé. Sundowns ti South Africa ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì, líìgì tiwọn ní kíláàbù 16, gbogbo wọn ń bá ara wọn gbá a, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30. Ẹsẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà yàtọ̀ o.

Nọ́ńbà Mẹ́ta:
Mo ti gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì yìí rí, mi ò ní dárúkọ kíláàbù. Ti ife ẹ̀yẹ lẹ̀ ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ikùn. Lọ́dún kan tá ò wọ Super Six, ọjọ́ kejì tá a parí ti gúrúùpù ni wọ́n ti káàǹpù, kóòṣì ní ká máa lọ sílé, àwọn á pè wá. Oṣù márùn-ún ni wọn ò fi pè wá. Owó oṣù dúró. Láàárọ̀ mò ń dá sáré ní pápá ilé ìwé kan, tó bá dọ̀sán mo wà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi, mò ń bá wọn ta aṣọ. Nígbà tí wọ́n fi máa pè wá, ara ti wúwo, ọ̀sẹ̀ kejì ni orúnkún mi yẹ̀, ibẹ̀ ni tèmi parí sí. Tí wọn ò bá lè ṣe 38, kí wọ́n ṣáà fi nǹkan kan kún un fún àwọn tí ò wọ Super Six, kódà kó jẹ́ ìdíje kékeré láàárín àwọn tó súnmọ́ra. Ìjókòó yẹn ló ń pa ọmọ ènìyàn.

Ará Ṣàgámù:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Kí ni kí n wá sọ fún ọmọ yìí?

Nọ́ńbà Mẹ́ta:
Ẹ jẹ́ kó gbá a. Ẹ má jẹ́ kó fi ilé ìwé sílẹ̀ ṣá, kó ṣe WAEC ẹ̀ parí. Tí kíláàbù bá ní kó wá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá a lọ, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n máa san àti oṣù tí wọ́n máa san án dé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ipò wo ló ń gbá, ẹsẹ̀ wo ló sì fi ń gbá a?

Ará Ṣàgámù:
Ẹ̀yìn ló ń gbá, ẹsẹ̀ òsì.

Nọ́ńbà Mẹ́ta:
Ẹlẹ́sẹ̀ òsì, tó tún ń gbá ẹ̀yìn! Ẹ ṣe fídíò ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.