Oṣù mẹ́jọ nínú ìjọ, a ò tíì lẹ́nì kan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lọ́dún tó kọjá lèmi, ọkọ mi àtàwọn ìbejì kó wá síbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, alẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fún mi. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tá a ti ń lọ sí ìjọ kan tó kún fún àwọn èèyàn wa. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí àlejò dìde, wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gba nọ́ńbà wa. Láti ọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀, ó dàbọ̀, ó tán. Lóṣù tó kọjá, àìsàn dá mi dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan ò pè. Ọkọ mi ní ká wá ibòmíì lọ.

Màmá Ẹgbẹ́, Peckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi, ara á le o. Ẹ má tíì kúrò. Mo ti lé ní ogún ọdún nínú ìjọ Kérúbù níbí, kíkí ẹnu ọ̀nà kọ́ ló mú mi dúró. Iṣẹ́ ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí mo ṣe ń wọ bàtà mi lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi fọ àwọn kúlà yìí." A fọ̀ ọ́ títí ìka ọwọ́ mi fi hunjọ. Ká tó parí, ó ti mọ ìlú mi, ó ti mọ̀ pé ọkọ mi ò tíì rí físà gbà, ó sì ti rí i pé aṣọ ọrùn mi fúyẹ́. Sọ́ńdè kejì, ó mú ẹ̀wù òtútù wá fún mi nínú ọ̀rá.

Ìgbà tí mi ò wá lọ́jọ́ kan, ìsìn ò tíì parí tó fi pè: "Ta ló fẹ́ bá mi fọ kúlà?" Ó dà bí ìbáwí, àmọ́ mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan rí i pé àyè mi ṣófo.

Nítorí náà, ẹ má kàn sọ pé "ṣé ẹ fẹ́ kí n ran yín lọ́wọ́?" Wọ́n á ní Olúwa á bù kún yín, wọ́n á kọjá lọ. Ẹ lọ bá ẹni tó ń bójú tó oúnjẹ tàbí àga, kẹ́ ẹ dárúkọ nǹkan kan pàtó. Ẹ má wọ ẹgbẹ́ akọrin o, ìfidánrawò alẹ́ ò ní bá iṣẹ́ yín mu. Tó bá jẹ́ kíláàsì àwọn ọmọdé lẹ fẹ́, ìjọ ní láti bá yín ṣe DBS, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ti rú òfin rí. Ìjọba kì í gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Alhaja, Old Kent Road:
Òótọ́ ni màmá sọ, àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹrù lé àlejò lórí. Ẹni tá a bá nílé ni kó kọ́kọ́ na ọwọ́. Ilé ọtí ni ilé mọ́ṣáláṣí wa tẹ́lẹ̀ kí àwọn àgbà tó rà á. Wọ́n mọ bí àìníbùgbé ṣe rí. Jímọ̀ nìkan kì í so wá pọ̀, tá a bá ti kírun tán, kálukú á sáré padà síbi iṣẹ́. Àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè la ti ń jókòó ti ara wa. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ́ wa tó ní ìwé kékeré kan, orúkọ ẹni tí ò wá ló ń kọ síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pe gbogbo wọn. Ẹ sọ fún àwọn aṣáájú yín pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi ṣàìsàn. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́.

Bàbá Tísà, Houston:
Ẹ má gbàgbé àwọn ìbejì. Àwọn ọmọ wa ò fẹ́ wá sí ìjọ mọ́ títí a fi ń fún wọn ní Bíbélì kà lédè Yorùbá nígbà ìsìn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ka "ọkọ̀" tí Jésù wọ̀ bí "ọkọ́" tí a fi ń roko. Ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín, òfin wa nìyẹn. Ìyá kan ní iwájú rọra pè é bó ṣe yẹ, ọmọ náà tún un pè, ó ń bá a lọ. Òun ló ń bẹ bàbá rẹ̀ báyìí pé kí wọ́n tètè jáde nílé.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo lọ bá ìyá tó ń bójú tó ìdáná láàárọ̀ òní, mo ní màá máa fọ kúlà lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kí n mú ìbọ̀wọ́ dání, omi gbígbóná ibẹ̀ kì í yọ. Ó wá béèrè ibi tí mo wà lóṣù tó kọjá. Ó ní òun rí i pé àga ẹ̀gbẹ́ òpó yẹn ṣófo, àmọ́ òun ò mọ orúkọ mi tóun ì bá fi béèrè.