Pulse ìmọ́lẹ̀ nínú lẹ́ńsì rìbìtì: ṣé ìṣirò mi ló ń rú ìgbì wọ̀nyí ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì, Ìlọrin
Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì ni mo ń ṣe. Mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí pulse (ìmọ́lẹ̀ tó kàn tàn fún ìgbà kúkúrú, tó ní oríṣiríṣi àwọ̀ nínú) femtosecond 10 (femtosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá), tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 800, yóò ṣe rí lẹ́yìn tó bá gba inú lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí wọ́n fi dígí BK7 ṣe kọjá. Ojú ìpàdé ìmọ́lẹ̀ wà ní mìlímítà 100 sí lẹ́ńsì náà, ìmọ́lẹ̀ sì tàn dé mìlímítà 5 sí àárín rẹ̀. Bí mo bá lo àpótí oníhà mẹ́ta, tí ìhà kọ̀ọ̀kan ní ojú-àmì (ibi tí a ti ń ṣírò ìmọ́lẹ̀) 1024, gígábáìtì 16 ni yóò gbà, bẹ́ẹ̀ 8 ni kọ̀ǹpútà mi ní, iná kì í sì í mọ́jú ní Táńkè níbi tí mo ń gbé. Nítorí pé bí a bá yí lẹ́ńsì náà po kò yàtọ̀, mo fi ọ̀nà Hankel, tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí ìgbì nípa ìjìnnà sí àárín nìkan, rọ́pò ọ̀nà Fourier, tó nílò gbogbo ìhà, mo sì to ojú-àmì 256 láti àárín dé mìlímítà 8. Ó yá gan-an, ṣùgbọ́n ìgbì kéékèèké ń hàn ní àárín gbùngbùn kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú ìpàdé. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ará Ọ̀fà
Àbúrò, ọ̀nà tí o gbà dára, má fi í sílẹ̀. Ojú-àmì 1024 láti àárín dé etí àti 1024 fún àkókò kò ju mẹ́gábáìtì 16 lọ. Àlàfo láàárín ojú-àmì kan sí èkejì ni mo fura sí. Bí a ṣe ń súnmọ́ etí lẹ́ńsì ni fáàsì (ipò tí ìgbì wà nínú yíyípo rẹ̀) ń yára yípo sí i, nítorí náà àlàfo kò gbọdọ̀ ju ìgùn ìgbì tí a fi jìnnà ojú ìpàdé sọ di púpọ̀, tí a wá pín sí ìlọ́po méjì ìjìnnà etí sí àárín. Níbi tìrẹ, ìyẹn jẹ́ máíkírómítà 8. Tìrẹ sì tó 31. 1024 yóò kàn bọ́ lábẹ́ ààlà yẹn ni, 2048 ni èmi yóò lò. Mátíríìsì (tábìlì nọ́ńbà) tí ọ̀nà Hankel ń lò kì í yí padà, ẹ̀ẹ̀kan ni wàá ṣírò rẹ̀ fún gbogbo àwọ̀. Rántí pẹ̀lú pé ibi tí iṣẹ́ Bessel (ìlà ìṣirò tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì rìbìtì) ti di òdo (2.405, 5.520, 8.654 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) ni àwọn ojú-àmì Hankel máa ń wà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn ní àárín gbùngbùn gan-an, o gbọ́dọ̀ dìídì ṣírò ibẹ̀.

Olùkọ́, Ọ̀mù-Àrán
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àlàfo yẹn, ṣùgbọ́n kí a má tíì dá ìṣirò nìkan lẹ́bi. Bí ẹ bá gé ìmọ́lẹ̀ náà lójijì ní mìlímítà 5, etí tí ẹ gé yóò rú ìgbì tirẹ̀, àti nítorí pé etí náà rìbìtì, gbogbo ìgbì tó ti ibẹ̀ wá ni yóò dé àárín gbùngbùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn yóò sì lágbára níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Àmì títàn tí Arago, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, rí láàárín òjìji ohun rìbìtì, nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí iṣẹ́ Fresnel pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, ohun kan náà ló fà á. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lo 1024, kí ẹ wá sọ ọ́ di 2048 láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí ìgbì náà bá dúró síbi tó wà, ìmọ́lẹ̀ ni. Bí ó bá ṣípò, ìṣirò ni.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni àwọ̀. Ṣé iye kan ṣoṣo ni ẹ fi ṣe bí dígí ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní rí i pé àárín pulse yóò pẹ́ ju etí rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n femtosecond 13 nínú lẹ́ńsì yìí, bẹ́ẹ̀ pulse fúnra rẹ̀ jẹ́ 10. Dígí mìlímítà 5 sì tó láti nà án kọjá femtosecond 60. Ẹ fi ìlànà Sellmeier (ìṣirò tó ń sọ bí dígí ṣe ń fa àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn) fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì, Ìlọrin
Ẹ ṣeun gan-an. Iye kan ṣoṣo ni mo lò lóòótọ́. Bí lẹ́ńsì náà bá wá dagun díẹ̀ ńkọ́?

Ará Ọ̀fà
Bí ó bá ti dagun, ìjìnnà sí àárín nìkan kò tó mọ́. Wàá pín pápá ìmọ́lẹ̀ sí ìpele-ìpele gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń yípo, ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Bessel àti mátíríìsì tirẹ̀. Bí ìdagun náà bá kéré, ìpele díẹ̀ ti tó, kọ̀ǹpútà rẹ á sì gbà á.