Báwo la ṣe lè wọn àlàáfíà àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò láìtan ara wa?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fáwọn ọ̀dọ́, ọmọ iṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ká tó náwó kankan. Tá a bá bi wọ́n, "A dúpẹ́" ni gbogbo wọn ń wí. Ìbéèrè wo la máa lò? Ọjọ́ orí wo ni ká mú?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò
Ẹ lo WHO-5, ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó ti wà láti 1998. Gbólóhùn 5 péré ni, lórí ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá: inú mi dùn, ọkàn mi balẹ̀ tí ara sì tù mí, ara mi yá gágá, mo jí pẹ̀lú ara tó ti sinmi, ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí ló kún ojoojúmọ́ mi. "Rárá" jẹ́ 0, "gbogbo ìgbà" jẹ́ 5. Ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Ọmọ tó mú 3, 2, 3, 1, 2 ní 11, ìyẹn 44 nínú 100. Ẹni tó bá ní 50 tàbí tó dín, kì í ṣe pé àìsàn ti dé. Ó yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá a jókòó ni.

Ní ti "A dúpẹ́" yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ pe ibi níwájú àgbà. Ẹ ka ìbéèrè sókè fẹ́ni tí kò lè kàwé, àmọ́ kóun fúnra rẹ̀ sàmì sí nọ́ńbà, kó ká bébà náà, kó sọ ọ́ sínú àpótí. Kí ọ̀gá tàbí òbí má sí nítòsí rárá.

Oníṣirò
Ìlànà ọ̀dọ́ ti Nàìjíríà ní 2019 mú 15 sí 29. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) mú 15 sí 24. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Ẹ má gbára lé ìpíndọ́gba nìkan. Ká ní ọmọ 5 mú 80, tí 5 mú 40: ìpíndọ́gba á jẹ́ 60, bẹ́ẹ̀ ìdajì wọn wà lábẹ́ 50. Iye àwọn tó wà lábẹ́ 50 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ síwájú ìpàdé. Ẹ sì wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ti oorun nìkan ló wálẹ̀ láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ń sùn àti aago tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó pe oníwàásù wá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ẹ̀kọ́ kò tó. Ẹ dé gáréèjì àti ibùdó ọlọ́kadà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀. Tí kò bá sí orúkọ lórí bébà, báwo la ṣe máa rí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò
Ẹ fún kálukú ní nọ́ńbà. Ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ, ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni kó wà, kì í ṣe ọwọ́ alága, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó sàmì. Ẹni tí kò tíì pé 18, ẹ gba àṣẹ òbí rẹ̀, kẹ́ ẹ tún gba tiẹ̀. Ẹ ti bá ilé ìwòsàn tó máa gbà wọ́n sọ̀rọ̀ sílẹ̀ o! Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì pín bébà.

Oníṣirò
Lẹ́yìn oṣù 6, ìbéèrè kan náà, àwọn ọmọ kan náà. Ẹ yẹra fún àsìkò WAEC àti ọ̀sẹ̀ ọdún. Bí máàkì ẹnì kan kò bá sún tó 10, ẹ má tíì pè é ní ìyípadà.