Ihò wẹ́wẹ́ lára bóòtù stainless: mo ti rí ojútùú ìbéèrè mi

Ẹ̀yin ará, ẹ ó rántí pé mo béèrè ìdí tí ihò wẹ́wẹ́ fi ń yọ lára àwọn bóòtù stainless (irin tí kì í tètè dípata) tí a fi de pọ́ǹpù omi òkun, nígbà tí ìyókù ara wọn ṣì ń dán gbinrin. Irú 304, ìyẹn irú stainless tó wọ́pọ̀ jù, ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nínú yín ti fura, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń nù wọ́n ni mo ti ń dá lẹ́bi. Kromíọ̀mù inú irin náà ló ń fún un ní awọ fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí, tó ń dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n kílóráìdì inú iyọ̀ a máa já awọ yìí níbi tó bá ti lẹ́gẹ́. Bí ihò bá sì ti ṣí, omi inú rẹ̀ á di kíkan, á tún máa fa kílóráìdì sí i mọ́ra, débi pé ihò náà á máa jìn sí i fúnra rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo 316, irú stainless mìíràn, tí mọlibdẹ́nọ̀mù (èròjà tó ń dènà irú ihò yìí) inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 sí 3 nínú 100, àmọ́ èyí kò tó fún ohun tó rì sínú omi òkun tí kì í ṣàn. Super duplex, irú stainless tó túbọ̀ lágbára, tí iye PREN rẹ̀ (òǹkà tó ń fi hàn bí irin ṣe lè dènà ihò wẹ́wẹ́ tó) kì í dín ní 40, ni mo fi rọ́pò wọn níkẹyìn. Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pa ìbéèrè náà dé.