L-1A àbí L-1B? Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ gbé mi lọ sí Amẹ́ríkà

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ gbé mi lọ sí ẹ̀ka wọn ní Amẹ́ríkà. Mo ti lé lọ́dún méjì lọ́dọ̀ wọn, ẹni mẹ́rin ló sì wà lábẹ́ mi. Lọ́yà wọn ní L-1B, ọ̀kan nínú físà tí ilé-iṣẹ́ fi ń gbé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka Amẹ́ríkà, làwọn máa bá mi ṣe, torí mo mọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ dunjú. Ṣé kí n gbà? Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyàwó mi náà ò jẹ́ kí n sùn.

Ìdáhùn kìíní
Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ni wọ́n ṣe L-1A fún. L-1B wà fún ẹni tó ní ìmọ̀ àrà ọ̀tọ̀ nípa iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. L-1B ò lè kọjá ọdún 5, L-1A lè dé 7. Tó bá wá kan gíríìn káàdì, ọ̀nà pín níbẹ̀: ọ̀gá lè gba ti EB-1C, ìyẹn ọ̀nà gíríìn káàdì fún àwọn ọ̀gá, níbi tí ilé-iṣẹ́ kò ti ní láti kọ́kọ́ polówó iṣẹ́ náà láti fi hàn pé àwọn ò rí ọmọ Amẹ́ríkà tó lè ṣe é.

Àwọn ẹni mẹ́rin yẹn ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Bí iṣẹ́ wọn kì í bá ṣe èyí tó ń béèrè oyè yunifásítì, wọn ò ní torí pé ẹ ń darí wọn ka yín sí ọ̀gá. Ẹ gba lẹ́tà tí lọ́yà kọ nípa iṣẹ́ yín, kí ẹ kà á fúnra yín. Ti alábàáṣiṣẹ́ mi kan kún fún "ó ń ṣe àtúnṣe, ó ń kọ ìròyìn". Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé òun ló ń gbani síṣẹ́, òun ló ń pín owó ẹ̀ka. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣe é lóòótọ́! Ó dùn mí dọ́kàn.

Ìdáhùn kejì
Ti ìyàwó yín rọrùn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2021, aya tàbí ọkọ tó bá wọlé pẹ̀lú L-2, físà ìdílé ẹni tó ní L-1, lè ṣiṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Bó bá ti wọlé, kí ó wo I-94 rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwọlé tí ìjọba ṣe fún un: L-2S, tó fi hàn pé aya tàbí ọkọ ni, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ L-2 lásán, kí ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Méjì nínú àwọn mẹ́rin tó wà lábẹ́ mi jẹ́ ẹnjiníà. Tí mo bá gba L-1B, tí wọ́n wá fi mí jẹ ọ̀gá lọ́hùn-ún ńkọ́?

Ìdáhùn kìíní
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tuntun lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí ipò yín bá yí padà, ẹ sì gbọ́dọ̀ lo oṣù 6 ó kéré tán ní ipò náà kí ọdún 7 tó lè kàn yín. EB-1C ní tirẹ̀ ń béèrè pé kí ẹ ti ṣe ọ̀gá fún ọdún kan níbi tí ẹ ti ń bọ̀. Torí náà, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ báyìí ni kí ẹ ní kí lọ́yà kọ sílẹ̀ yékéyéké, kódà bó bá jẹ́ L-1B náà ni wọ́n fẹ́ bá lọ.